Bí Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Ilé Bá Tọ Onílé Lọ sí Màídúgùri

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn títí kí onílé má padà sílé. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí ilé fúnra rẹ̀ a máa dìde, tí yóò di ẹrù rẹ̀, tí yóò sì tọ onílé lọ sí àjò. Irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan láti ilẹ̀ Yorùbá bá lọ fẹsẹ̀ wọnsẹ̀ pẹ̀lú El-Kanemi Warriors ní ìlú Màídúgùri, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Borno. Télọ̀ tí ó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí Ọjà Monday, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, mẹkáníìkì, ìyá aláṣọ àti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì, ìbéèrè kan náà ni yóò wà lẹ́nu gbogbo wọn láti òwúrọ̀: Ṣé àwọn ará ilé ti dé?

Kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá nìkan ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dá lé lórí. Ó kan àwọn alátìlẹ́yìn tí ó máa ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ wọn kiri, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí odidi ọkọ̀ kan, tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n dá owó jọ, tí wọ́n sì gbà láti rin ìrìn tí ó ju ẹgbẹ̀rún kan kìlómítà lọ nítorí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú péré. Ẹni tí kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù lè pe èyí ní àfọwọ́fà ìyà. Bí a bá fara balẹ̀ wò ó, a óò rí i pé ìrìn àjò náà ní ayọ̀ nínú, ó ní ewu nínú, ó sì ní gbèsè kan tí àwọn tí ń rìn ín kì í sábà rántí pé ẹlòmíràn ni yóò san án.

ẸGBẸ́ MÉJÌ, ÌTÀN MÉJÌ

Orúkọ Shooting Stars ti Ìbàdàn jẹ́ ohun tí ń mú orí ọmọ Yorùbá tí ó wà lẹ́yìn odi wú. Orúkọ náà ti yí padà láti ìgbà dé ìgbà. A ti pè é ní WNDC, a ti pè é ní IICC, kí ó tó di 3SC tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí lónìí. Ní 1976, nígbà tí ó ń jẹ́ IICC, ni ó ṣẹ́gun Tonnerre ti ìlú Yaoundé ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, ẹgbẹ́ tí Roger Milla wà nínú rẹ̀ nígbà náà, tí ó sì gba ife àwọn ẹgbẹ́ tí ó ti gba ife ní orílẹ̀-èdè wọn ní ilẹ̀ Áfíríkà. Kò sí ẹgbẹ́ mìíràn láti Nàìjíríà tí ó tí ì gba ife ilẹ̀ Áfíríkà kankan ṣáájú rẹ̀. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, Múdà Láwàl àti Sam Ojebode di orúkọ tí a ń dá ní gbogbo ilé. Ní 1992, 3SC tún gba ife CAF, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún náà.

Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Àríwá kò fojú rí àwọn akọni wọ̀nyí rí. Etí ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n. Ohùn Ernest Okonkwo lórí rédíò ni ó gbé eré wọn dé yàrá àlejò, dé ṣọ́ọ̀bù, dé abẹ́ igi. Òun náà ni a gbọ́ pé ó fún Ọdẹ́gbàmí ní ìnagijẹ rẹ̀, “Mathematical”, nítorí pé bí ẹni tí ó ti ṣe ìṣirò ni ó ṣe máa ń wọn bọ́ọ̀lù kí ó tó gbá a. Ẹni tí ó bá ti fi ọdún mẹ́wàá gbọ́ ẹgbẹ́ kan lórí rédíò, tí a sì sọ fún un ní ọjọ́ kan pé ẹgbẹ́ náà ń bọ̀ wá sí ìlú tí òun ń gbé, ẹ kò ní bi í léèrè ìdí tí ó fi pa ìsọ̀ dé.

Ẹgbẹ́ onílé náà kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹpẹrẹ. Ní 1986 ni a dá El-Kanemi Warriors sílẹ̀. Orúkọ Ṣéù Muhammad al-Amin al-Kanemi ni ó ń jẹ́, ọ̀mọ̀wé ẹ̀sìn àti jagunjagun tí ó dáàbò bo Borno nígbà ogun jíhàádì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí a dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ tí ó fi gba ife ẹ̀yẹ Challenge Cup ti gbogbo Nàìjíríà, ní 1991 àti ní 1992, lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn. Láti ọjọ́ náà ni ẹnikẹ́ni tí ó bá ń lọ sí Màídúgùri láti gbá bọ́ọ̀lù ti mọ̀ pé òun kò lọ sí ibi ìgbádùn.

Ọ̀NÀ TÍ Ó GBÀ DÉ Ọ̀HÚN

Ẹni tí ó bá gbéra ní Ìbàdàn yóò gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìlọrin, yóò la Odò Ọya kọjá ní Jẹ́bà, yóò sì gba Mókwà lọ sí Kàdúná. Láti Kàdúná, àwọn kan a yà sí Jọ́ọ̀sì àti Bauchi, àwọn mìíràn a gba Zaria àti Kánò. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjèèjì a tún pàdé ní Potiskum, wọn a jùmọ̀ gba Damaturu wọ Màídúgùri. Bí ọkọ̀ ti ń lọ ni ojú ilẹ̀ ń yí padà. Igbó a di ọ̀dàn, ọ̀dàn a di ilẹ̀ iyanrìn. Ọ̀pẹ a pòórá, igi dongoyaro a sì gba ipò rẹ̀ ní ojú títì.

Ìgbà kan wà tí ojú irin tún jẹ́ ọ̀nà. Ní 1964 ni rélùwéè dé Màídúgùri láti Kuru, nítòsí Jọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ rélùwéè, iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ olùkọ́ àti òwò ni ó kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ sí àwọn ìlú Àríwá, tí wọ́n fi di onílé níbẹ̀. Ojú irin náà dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2021 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe sí i láti Port Harcourt dé Màídúgùri. Nítorí náà, ọkọ̀ títì ni alátìlẹ́yìn tí kò lówó ọkọ̀ òfuurufú ń gbójú lé.

Kì í ṣe òní ni àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ti ń rin irú ìrìn yìí lọ sí Àríwá. Ní 1977, nígbà tí IICC àti Rangers ti Enúgu pàdé nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n sì ta ọ̀mì ní Èkó, Kàdúná ni a gbé ìpàdé kejì lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ilé ẹni kejì ni a ti gbá a. Rangers ni ó borí, lẹ́yìn tí a ti lo gbígbá bọ́ọ̀lù sí aṣọ́lé lọ́kọ̀ọ̀kan láti fi yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ẹgbẹ́ náà ni ó sì gba ife ní ọdún yẹn. Ìlú tí kì í ṣe ti ẹnì kankan nínú wọn ni ó gbà wọ́n lálejò, tí ó fún wọn ní pápá, tí ó sì jókòó wo eré wọn.

Bí àwọn ọ̀rẹ́ bá ti jọ rin irú ọ̀nà báyìí, wọn kì í padà bí wọ́n ti lọ. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Iṣẹ́, ìyàwó, ọmọ àti àìsàn a máa tú ẹgbẹ́ ká. Nínú ọkọ̀ tí ń lọ sí Màídúgùri, tí ẹnì kan ń sùn lé ejìká ẹnì kejì, tí a ń pín búrẹ́dì kan jẹ, tí a sì ń jiyàn lórí ẹni tí ó yẹ kí ó wọ aṣọ nọ́ńbà mẹ́wàá, ọ̀rẹ́ a tún di ọ̀rẹ́ bí ti àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni kò lè rántí iye góòlù tí ó wọlé ní ọjọ́ náà mọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n lè sọ ibi tí táyà ti bẹ́ àti ẹni tí ó fún wọn ní omi mu.

ONÍLÉ NI YÓÒ KÙ SÍ ÀDÚGBÒ

Nínú líìgì Nàìjíríà, tí ogún ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a máa gbá eré méjìdínlógójì ní sáà kan. Mọ́kàndínlógún nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìlú òkèèrè. Tipẹ́tipẹ́ ni a ti mọ̀ pé agbára káká ni àlejò fi ń borí onílé nínú líìgì yìí. Ìrìn àjò a ti mú kí ẹsẹ̀ wúwo. Ní Màídúgùri, oòrùn láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún a máa ta kọjá ogójì lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ariwo ẹgbẹẹgbẹ̀rún òǹwòran a sì máa dẹ́rù ba rẹfirí tí ọkàn rẹ̀ kò bá le. Ìdí nìyí tí àlejò tí ó bá ta ọ̀mì fi máa ń dúpẹ́, tí èyí tí ó bá borí sì fi máa ń gbàgbé ara rẹ̀.

Níbi ìgbàgbé ara ẹni yìí gan-an ni gbèsè tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ti ń bẹ̀rẹ̀. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti Ìbàdàn wá kò mọ ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀. Ó lè jẹ́ onílé tí télọ̀ ọmọ Yorùbá ń san owó ṣọ́ọ̀bù fún. Ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì tí ó gbẹ̀bí ọmọ rẹ̀. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá bú ìlú, tí ó bú ẹ̀yà, tí ó sì fi ẹ̀sìn ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí góòlù kan, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì yóò wọ ọkọ̀, yóò sì padà sí ilé rẹ̀. Télọ̀ ni yóò kù sí àdúgbò. Òun ni àwọn ará àdúgbò yóò máa wò pẹ̀lú ojú mìíràn. Òun ni yóò máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tí kò ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ìlú òkèèrè kọ́kọ́ fi sọ́kàn ni pé kì í ṣe orúkọ ara rẹ̀ nìkan ni òun gbé dání. Orúkọ gbogbo ẹni tí ń sọ èdè rẹ̀ ní ìlú náà ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí tí rẹfirí yóò fi fọn fèrè ìparí.

Ọ̀rọ̀ ti àwọn onílé pàápàá kò rọrùn. Bàbá lè máa pariwo 3SC, kí ọmọ tí ó bí ní Màídúgùri, tí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀, tí ó sì ń gbọ́ Haúsá àti Kànúrí bí ó ti ń gbọ́ Yorùbá, wọ aṣọ El-Kanemi jókòó tì í. Àwọn bàbá kan a máa bínú sí èyí. Wọ́n rò pé ọmọ náà ti sọnù. Kò sọnù. Ìlú tí ó mọ̀ ni ó fẹ́ràn, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti fẹ́ràn Ìbàdàn tí ó mọ̀. Ọmọ tí ó fẹ́ràn ìlú tí a bí i sí, tí ó sì ń dáhùn “ẹ káàárọ̀” ní èdè bàbá rẹ̀ nínú ilé, ilé méjì ni ó ní. Bọ́ọ̀lù kì í ṣe ìbúra tí a fi ń wá ẹ̀rí ẹ̀jẹ̀.

NÍGBÀ TÍ ONÍLÉ DI ÀLEJÒ

Ìdí mìíràn wà tí ó fi yẹ kí àlejò wọ Màídúgùri pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2009 ni ìjà Boko Haram bẹ́ sílẹ̀ ní gbangba ní ìlú náà. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, 2013, ìjọba àpapọ̀ kéde ìpò pàjáwìrì ní Borno, Yobe àti Adamawa. Ìlú tí a máa ń kọ “Ilé Àlàáfíà” sí nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ di ìlú tí kónílé-ó-gbélé ń darí àsìkò jíjáde àti wíwọlé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kó ẹrù wọn, wọ́n padà sílé. Ọ̀pọ̀ mìíràn kò kúrò, nítorí pé ibẹ̀ ni ilé wọn wà.

Bọ́ọ̀lù náà kò bọ́ nínú ìyà yìí. Ní àwọn ọdún kan nínú ìgbà ìpọ́njú náà, El-Kanemi kò lè gbá eré ilé rẹ̀ ní ilé mọ́. Ìlú mìíràn ni a ní kí ó máa fi ṣe ilé. Ẹgbẹ́ náà wá di ẹni tí gbogbo eré rẹ̀ jẹ́ ti òkèèrè, tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó láti Màídúgùri ní láti wọ ọkọ̀ lọ bá a ní ìlú onílùú. Ohun tí àwọn ọmọ Yorùbá ìlú náà ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn onílé náà wá mọ̀: bí ó ti ń rí lára kí ohun tí ènìyàn fẹ́ràn wà ní ibi tí ojú rẹ̀ kò tó. Àwọn méjèèjì jùmọ̀ gbé rédíò sí etí, wọ́n jùmọ̀ ń retí.

Ẹgbẹ́ náà padà sílé nígbà tí ó yá. Ó ṣubú sí ìsọ̀rí kejì, ó sì tún gòkè padà ní 2024. Ọdún 2024 yìí kan náà ni ìdídò Alau ya, ní oṣù kẹsàn-án, tí omi sì bo apá púpọ̀ nínú ìlú náà. Ẹni tí ó bá jókòó sí pápá ìṣeré ní Màídúgùri lónìí, láàárín àwọn tí ó ti la ogun àti omi kọjá ni ó jókòó sí. Kò yẹ kí ẹnu rẹ̀ gbàgbé èyí.

EWU TÍ Ó WÀ LÓJÚ Ọ̀NÀ

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kò gbọdọ̀ fi bò. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, àwọn agbébọn dá ọkọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù Kano Pillars lọ́nà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, nígbà tí wọ́n ń lọ sí Owerri. Agbábọ́ọ̀lù márùn-ún ni ìbọn bà. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún, 2025, ọkọ̀ tí ó ń kó àwọn eléré ìdárayá Ìpínlẹ̀ Kánò bọ̀ láti Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti lọ kópa nínú ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà, já sí abẹ́ afárá nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Ènìyàn méjìlélógún ni ó kú. Láti ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti ń bọ̀. Ọ̀nà kan náà tí àwọn alátìlẹ́yìn 3SC máa ń gbà lọ sókè ni wọ́n gbà, wọ́n sì ti rin èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ já.

Bí ewu bá ń bá àwọn tí ìjọba kó lọ, tí wọ́n ní ọkọ̀ tí ó dára àti òṣìṣẹ́ tí ń bójú tó wọn, kí ni kí a sọ nípa àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin tí wọ́n háyà ọkọ̀ ní gáréèjì ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n sì fẹ́ dé Màídúgùri kí oòrùn ọjọ́ kejì tó gbóná? Eré kan kò tó ohun tí à ń fi ẹ̀mí ra. Àwọn tí ó bá fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbéra ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú. Kí wọ́n má ṣe rìn ní òru rárá. Kí wọ́n sùn ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì tàbí ní Kánò, kí dẹ́rẹ́bà náà sì sùn. Kí wọ́n béèrè bí ọ̀nà ti rí lọ́wọ́ ẹni tí ó ń gbé níbẹ̀, kí wọ́n tó jáde. Bí ẹni náà bá sọ pé kí wọ́n má wá ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí wọ́n gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

OHUN TÍ ONÍLÉ LÈ ṢE

Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn tí ń gbé Màídúgùri pẹ̀lú, àti lọ́wọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Kánò, Jọ́ọ̀sì, Bauchi, Gombe tàbí Sókótó, níbikíbi tí ẹgbẹ́ láti ilé bá ti lè wá gbá bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ó máa ń péjọ nítorí ìkómọ àti ìsìnkú lè péjọ nítorí àlejò pẹ̀lú. Kí wọ́n mọ iye ẹni tí ń bọ̀. Kí wọ́n wá ibi tí owó rẹ̀ kò pọ̀ tí wọn yóò sùn sí. Kí àgbàlagbà kan tí ó gbọ́ èdè ìlú bá wọn lọ sí pápá, kí ó jókòó ní àárín wọn, kí ó sì sọ fún wọn ní kedere, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí a kì í sọ àti ohun tí a kì í ṣe níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ní gbọ́ ti ọlọ́pàá yóò gbọ́ ti bàbá tí ó bá a sọ̀rọ̀ ní èdè ìyá rẹ̀.

Bí onílé bá gbá bọ́ọ̀lù tí ó dára, kí àlejò pàtẹ́wọ́ fún un. Àtẹ́wọ́ kì í yọ góòlù kúrò nínú àwọ̀n. Bí eré bá sì parí, kí àwọn ọ̀rẹ́ náà má sáré wọ ọkọ̀. Kí wọ́n dúró di òwúrọ̀, kí wọ́n lọ sí ọjà, kí wọ́n ra ẹja gbígbẹ láti Adágún Chad, kí wọ́n ra kílíṣí àti dàbínù fún àwọn ará ilé. Ẹni tí ó ti ọwọ́ ènìyàn ra ọjà, tí ó ti bá a na owó rẹ̀, tí ó sì ti bá a rẹ́rìn-ín lórí eré àná, yóò ṣòro fún un láti tún bú ìlú rẹ̀ mọ́.

Àbájáde eré ọjọ́ náà kò ní pẹ́ di ohun ìgbàgbé, nítorí pé ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ní eré tirẹ̀. Ohun tí yóò kù ni ìwà àwọn tí ó wá. Bí ó bá jẹ́ rere, ní ọdún tí ń bọ̀, nígbà tí ọkọ̀ àwọn ará ilé bá tún yọ, ọmọ Màídúgùri náà yóò bi télọ̀ aládùúgbò rẹ̀ pé: Ṣé àwọn ènìyàn wa ti dé?